Kí Kọnkéré Tó Bo Páìpù

Nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ bú, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn. Mama fi ọwọ́ bo etí ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ní wó ilé yìí lé wa lórí báyìí?"

Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, púlọ́ḿbà ọmọ Yorùbá kan ló ń fọ́ kọnkéré. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló tíì ta ẹ̀rọ náà tó fi dá a dúró. Ó gun àtẹ̀gùn wá sókè, ó yọ ìbomú rẹ̀, ó tẹríba fún Mama, ó ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ọ̀rẹ́ ìdílé tó wà ládùúgbò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Eruku tó fẹ́ dìde yìí kò yẹ kó dé imú ọmọ ọwọ́.

Mama dìde, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lọ. "Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Inú ilẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe balùwẹ̀ sí. Omi ìwẹ̀ ọ̀hún, ibo ló máa gbà jáde?"

Púlọ́ḿbà náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ọdún tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí ní Chicago, àwọ̀ táìlì làwọn onílé máa ń bi òun, àti irú orí ṣáwà tí òun máa so mọ́ ògiri. Ìbéèrè Mama yẹn, bóyá ẹni méjì ló tíì bi òun rí.

Èèyàn mẹ́fà, balùwẹ̀ kan

Ilé bíríkì ni, ní apá gúúsù Chicago, irú bọ́ńgálò tí wọ́n kọ́ tó 80,000 sí ìlú náà láàárín 1910 sí 1940. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní. Èèyàn mẹ́fà ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí: tọkọtaya, ọmọkùnrin méjì tó ń lọ sílé ìwé, ọmọ tuntun, àti ìyá ìyàwó tó wá láti Òṣogbo láti wá wẹ ọmọ.

Bó bá ti di aago mẹ́fà àárọ̀, ìlà ti tò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó ilé. Kí ó tó bímọ, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ló sì máa ń wọlé, pẹ̀lú ara tó ń fẹ́ omi gbígbóná. Ó máa ń bá ẹnìkan nínú balùwẹ̀, ó sì máa ń bá ẹnìkan tó ń dúró de ẹni yẹn. Mama, tó jẹ́ pé kí wọ́n tó kírun ìdájí ni wọ́n ti máa ń wẹ̀ ní Òṣogbo, ti sọ ìwẹ̀ di ọ̀sán kí wọ́n má bàa dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí ló dun ọkọ ilé jù. Ó pinnu pé òun àtàwọn ọmọkùnrin yóò kó sísàlẹ̀, wọn yóò sì ní ibi ìwẹ̀ tiwọn níbẹ̀.

Àjà ilẹ̀ yìí, tí àwọn ará wa lọ́hùn-ún ń pè ní bésìmẹ́ńtì, ló kún fún àpótí ẹrù, ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná, ẹ̀rọ ìfọṣọ, àti fìrísà ńlá tí ẹran ewúrẹ́ àti ẹ̀fọ́ kún inú rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọnkéré gbẹrẹgẹdẹ. Ihò omi kékeré kan wà láàárín rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń da omi sí. Onílé rò pé wọn yóò kàn so ṣáwà mọ́ ògiri kí omi rẹ̀ máa ṣàn lọ síbẹ̀. Púlọ́ḿbà ló sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlú tó gbé ara rẹ̀ sókè

Bí èèyàn bá ti Nàìjíríà dé, ó lè yà á lẹ́nu pé ilé ń wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òtútù ló fà á. Nígbà òtútù, omi inú ilẹ̀ máa ń dì, bó bá sì ti dì, ó máa ń wú. Ìpìlẹ̀ tí kò bá jìn tó ni ilẹ̀ wíwú yẹn yóò ti sókè, ògiri yóò sì sán. Ní Chicago, ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó ínṣì 42 kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Ẹni tó bá sì ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ yí ilé ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti gbẹ́ yàrá kan. Ohun tó kù ni kó gbẹ́ ẹ síwájú díẹ̀, kó sì da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n yàrá tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀: omi kì í gòkè fúnra rẹ̀. Kò sì sí ìlú tó mọ èyí bíi Chicago. Etí adágún Michigan ló wà, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó rọ̀ bí àbàtà. Ní 1854, àrùn onígbá méjì jà níbẹ̀, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Ellis Chesbrough, láti ṣètò ọ̀nà omi ìdọ̀tí. Ó rí i pé ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ débi pé páìpù tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀ kò ní rí ibi dagẹ̀rẹ̀ sí. Nítorí náà, wọ́n to páìpù sórí ilẹ̀, wọ́n da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n gbé òpópónà sókè, wọ́n sì fi jáàkì gbé àwọn ilé tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sókè, ilé bíríkì alájà púpọ̀ pàápàá, kí wọ́n lè bá òpópónà dọ́gba. Ní 1900, wọ́n yí odò ìlú náà padà kí ó má bàa máa ṣàn wọ inú adágún tí wọ́n ń mu mọ́.

Mo máa ń ronú nípa àwọn èèyàn yẹn. Odidi ìlú gbé ara rẹ̀ sókè nítorí kí páìpù lè dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ohun tí púlọ́ḿbà wa ń ṣe nínú àjà ilẹ̀ yìí kò yàtọ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò kan ló ń gbẹ́.

Ìdá mẹ́rin ínṣì

Kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá, ó ti lo odidi ọjọ́ kan láti wá páìpù àgbà ilé náà. Ó ki okùn gígùn kan tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ bọ inú páìpù, ó ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà sórí kọnkéré. Páìpù alámọ̀ àtijọ́ ni, ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ sísàlẹ̀. Inú ọkọ ilé dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ilé Chicago kan, páìpù àgbà ń jáde gba ògiri ní òkè, ó ga ju ilẹ̀ àjà lọ. Onílé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní láti gbẹ́ kòtò, kó gbé ìkòkò ńlá sínú rẹ̀, kó sì fi pọ́ǹpù tí yóò máa ti omi ìwẹ̀ sókè síbẹ̀. Bí iná bá lọ, ìwẹ̀ parí nìyẹn.

Láti ibi tí ihò ṣáwà yóò wà dé ibi páìpù àgbà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Páìpù ínṣì 2 ni òfin ní kí ṣáwà lò, ó sì gbọ́dọ̀ máa dagẹ̀rẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ínṣì kan nínú ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: láàárín ẹsẹ̀ bàtà 12, ínṣì 3 péré ni páìpù yóò fi wálẹ̀. Ojú lásán ò lè rí i. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ló lè sọ ọ́.

"Bó bá tẹ́jú jù, omi á dúró, irun àti ọṣẹ á sì dì síbẹ̀," ni púlọ́ḿbà wí. "Bí ibì kan bá rì sílẹ̀ bí ikùn láàárín, adágún kékeré ló máa wà níbẹ̀ títí láé, lábẹ́ ilẹ̀ tí ò sí ẹni tó máa rí i."

Ẹ̀rọ ayùn tí omi ń da sí ló fi la kọnkéré náà ní ìlà méjì, kí ó tó fi èyí tí ń bú fọ́ àárín rẹ̀. Kọnkéré ilẹ̀ lásán kì í nípọn púpọ̀: ínṣì 4 ni èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní, lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa gòkè. Kì í ṣe òun ló gbé ilé dúró, ògiri àti ìpìlẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ó ṣeé là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbẹ́ kòtò sún mọ́ ìpìlẹ̀ yẹn, tí ó sì jìn jù ú lọ, onítọ̀hún ń fi ilé ta tẹ́tẹ́. Àwọn ilé kan sì wà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ bíi Texas, tí wọ́n na okùn irin líle sínú kọnkéré ilẹ̀ wọn. Ayùn tó bá gé irú okùn bẹ́ẹ̀ lè ṣekú pa ẹni tó mú un lọ́wọ́.

Omi tó ń ṣọ́nà

Ibi tí mo dúró pẹ́ jù ni ìdí páìpù tó tẹ̀. P-trap ni wọ́n ń pè é, ní ọjà páìpù Ìbàdàn pàápàá. Ó wálẹ̀, ó yí padà sókè bí ìgbọ̀nwọ́, kí ó tó na ara rẹ̀ lọ. Nínú ibi tó tẹ̀ yẹn, omi díẹ̀ máa ń dúró lẹ́yìn ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ó kéré tán, omi tó jìn ní ínṣì 2.

Omi ìwọ̀nba yẹn ni ilẹ̀kùn. Ní òdìkejì rẹ̀ ni gbogbo èémí páìpù ìlú wà, títí kan afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá kéré, ó ń rùn. Bó bá pọ̀ jù, ó máa ń pa imú débi tí èèyàn ò fi ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn ló sì máa ń pani. Ní 1775, Alexander Cumming, ọmọ Scotland kan tó ń ṣe aago ní London, gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí páìpù ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí lẹ́tà S kí omi lè máa dúró nínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè wọ inú ilé, kó sún mọ́ ibùsùn, kí olóorun sì sùn. Mi ò mọ ọ̀pọ̀ ìhùmọ̀ tó rọrùn tó báyìí tó sì ṣe èèyàn lóore tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi tó ń ṣọ́nà lè sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí omi púpọ̀ bá ń sáré lọ nínú páìpù, ó lè fa omi inú P-trap tẹ̀ lé ara rẹ̀, kó gbẹ. Ohun tí kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ ni páìpù mìíràn tó gòkè gba inú ògiri lọ sórí òrùlé, tí ń mú afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tí ọkọ ilé ò lóye ìdí tí òun yóò fi sanwó páìpù tí omi ò ní gbà, púlọ́ḿbà béèrè bóyá ó ti lu agolo mílíìkì rí. Bí o bá lu ojú kan, mílíìkì á máa kán tó, tó, á máa dá dúró. Bí o bá lu ojú kejì sí òdìkejì, á ya wẹ́rẹ́. Ojú kejì nìyẹn, ó ní. Ọkọ ilé ò tún bi í mọ́.

Ìyẹn náà ló fà á tí kò fi ṣeé ṣe kí P-trap wà níbí kí páìpù afẹ́fẹ́ sì wà lọ́nà jíjìn. Òfin ìkọ́lé ti fi ìwọ̀n sí i, ó sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, páìpù ínṣì 2 kò gbọ́dọ̀ jìn sí i ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé 5 ni.

Ohun tó ń jáde láti inú ilẹ̀

Eruku tí wọ́n torí rẹ̀ lé Mama jáde kì í ṣe eruku ilẹ̀ lásán. Inú iyanrìn kọnkéré ni èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní sílíkà. Bí ayùn bá lọ̀ ọ́, ó máa ń kúná débi tí ojú ò fi ní rí i, ó sì máa ń lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró títí ayé. Láti 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fa ju máíkírógíráàmù 50 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń da sí ayùn, tí wọ́n sì fi ọ̀rá bo gbogbo ẹnu àtẹ̀gùn. Mo rántí àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń rí nílé, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé táìlì létí títì láìbo imú, tí irun wọn funfun bí ti arúgbó. Ọ̀rọ̀ wọn ń jẹ mí lọ́kàn.

Nǹkan kejì kì í rùn, kò sì ní àwọ̀. Afẹ́fẹ́ radon ni, èyí tí yuréníọ̀mù inú ilẹ̀ ń bí. Ó máa ń gba ojú sísán kọnkéré wọ inú àjà ilẹ̀. Ní 1984, òṣìṣẹ́ kan ní Pennsylvania ń mú kí ẹ̀rọ tí ń wá ìtànṣán olóró pariwo níbi iṣẹ́ rẹ̀, ní ibùdó iná átọ́míìkì tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná jáde. Wọ́n wádìí títí: ilé rẹ̀ ló ti ń gbé e wá. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà ka radon sí ohun kejì tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn sìgá, wọ́n sì fojú bù ú pé ó ń pa nǹkan bí 21,000 èèyàn lọ́dún níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá la ilẹ̀ àjà gbọ́dọ̀ lẹ ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ padà, kó sì dí etí kọnkéré tuntun mọ́ ti àtijọ́ dáadáa. Lẹ́yìn iṣẹ́, kó ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn radon. Kò wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni òjò. Ní Chicago, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ìdọ̀tí. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò ńláńlá sábẹ́ ìlú náà tí yóò máa gba omi tó bá pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n fi parí ihò náà ní 2006, gígùn rẹ̀ ti tó máìlì 109. Síbẹ̀, bí òjò ńlá bá rọ̀, páìpù òpópónà lè kún, kí omi sì padà sẹ́yìn gba ihò tó bá rẹlẹ̀ jù lọ jáde. Ihò tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú ilé yìí ni èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: àgbàrá ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Púlọ́ḿbà fi ìdérí kan sójú páìpù tó ń jáde, èyí tí ń ṣí síta nìkan. Bí omi bá fẹ́ padà wọlé, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ilé tèmi

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí mo fi bìkítà fún ọ̀rọ̀ yìí. Balùwẹ̀ ìyá àgbà mi, ẹ̀yìnkùlé ló wà. Omi rẹ̀ ń ṣàn gba abẹ́ pákó bọ́ sídìí kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò ibẹ̀ ló sì máa ń tóbi jù. Gbogbo wa la mọ ibi tí omi ń gbà. Nígbà tí èmi kọ́ ilé sí Ìbàdàn, mo yan táìlì tó ń dán, mi ò sì béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò fi P-trap kankan sí i. Tààrà ni páìpù náà lọ sínú sọ́kàwéè. Ilẹ̀ rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn dípò ihò. Fún ọdún méjì, aṣọ àkísà la fi ń dí ihò náà lálẹ́ kí a tó lè sùn, ọmọ mi kan sì yọ̀ níbẹ̀, ó ṣubú, ó fi orí gbá ògiri. Ìgbà tí a fọ́ gbogbo rẹ̀ ni mo tó mọ iye tí àìbéèrè máa ń náni.

Táìlì kì í dá omi dúró

Ní Chicago, púlọ́ḿbà náà kò bo kòtò rẹ̀ lọ́jọ́ tó to páìpù. Ó dí ìsàlẹ̀ páìpù, ó rọ omi kún un dé òkè, ó sì dúró de aṣojú ìjọba ìlú. Aṣojú náà, obìnrin kan, dé lọ́jọ́ kejì, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé, ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ lé páìpù. Fún ìṣẹ́jú 15, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Omi náà kò lọ sílẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó da òkúta wẹ́wẹ́ padà, tí wọ́n kì í mọ́lẹ̀, tí wọ́n lẹ ọ̀rá, tí wọ́n gún irin sí etí kọnkéré àtijọ́ kó lè di tuntun mú, kí wọ́n tó da kọnkéré. Wọ́n fi àyè bí ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ yí ẹnu páìpù ká, nítorí ojú ihò ṣáwà yóò jókòó síbẹ̀.

Ilẹ̀ ìwẹ̀ gan-an tún jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé táìlì ló ń dá omi dúró. Omi máa ń gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró ni rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́, rọ́bà náà sì gbọ́dọ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ sí ihò kí sìmẹ́ńtì àti táìlì tó gun orí rẹ̀. Àwọn ihò wínníwínní wà lára irin ojú ihò náà, tí omi tó bá wọ abẹ́ táìlì yóò gbà jáde. Bíríkìlà tó bá fi sìmẹ́ńtì dí wọn ti sọ ilẹ̀ náà di ẹrẹ̀ tí kì í gbẹ. Púlọ́ḿbà wa da òkúta kéékèèké yí wọn ká. Ó tún dí ẹnu ihò, ó rọ omi sínú rọ́bà náà, ó fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi tí omi dé, ó sì lọ sùn. Wákàtí 24 lẹ́yìn náà, omi ṣì wà lójú àmì.

Ó tún kìlọ̀ fún ọkọ ilé pé bí wọ́n bá rìnrìn àjò pẹ́, omi inú P-trap yóò gbẹ. Kí wọ́n da ife omi méjì síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n sì kán òróró ìsebẹ̀ díẹ̀ lé e lórí, kò ní tètè fà. Ó sì ní bí àwọn ọmọ yóò bá máa sùn nísàlẹ̀, kí wọ́n má gbàgbé fèrèsé tí èèyàn lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́, nítorí èyí náà wà nínú òfin.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Mama rọra di irin àtẹ̀gùn mú wálẹ̀. Wọn ò wo táìlì. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin àgbà bu omi wá, wọ́n dà á sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí ihò jù, wọ́n sì dúró. Omi náà rìn, ó yí, ó wọlé, ó dún gbúlù lẹ́ẹ̀kan.

"Ibo ló wá gbà?" ni wọ́n bi púlọ́ḿbà.

Ó yọ bírò dúdú lápò, ó na ọwọ́ sókè, ó sì kọ ọ́ sára igi àjà, ní Yorùbá, kí ẹni tó bá tún fẹ́ fọ́ ilẹ̀ náà lọ́jọ́ mìíràn lè mọ̀: "Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ògiri yìí. Páìpù gba abẹ́ ibí lọ." Ọmọkùnrin náà kà á sókè fún Mama lẹ́ẹ̀mejì.